Pádì Tó Máa Bá Ọwọ́ Àbúrò Mi Mu

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ewé tí ẹ ń wò nínú agolo mílíìkì yìí, patanmọ́ ni. Ẹ̀bá ọ̀nà Ìdànrè ni mo ti hú u láàárọ̀ òní, tòun ti gbòǹgbò. Ẹ wò ó dáadáa. Mo fi ìka kàn án báyìí... ó ti pa ara rẹ̀ dé. Kò ní iṣan, kò ní mọ́tò. Ìdí ewé kọ̀ọ̀kan ní ibì kan tó wú díẹ̀, omi tó kún ibẹ̀ ló ń mú ewé dúró. Bí a ṣe fọwọ́ kàn án, omi yẹn sá kúrò lápá kan, ibẹ̀ rọ̀, ewé sì ká. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná, a ó padà wá wò ó.

Irú nǹkan tó ń yí ìrísí padà báyìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àti bó ṣe lè wọ inú pádì géèmù, ìyẹn ohun tí a ń dì mú lọ́wọ́ láti fi gbá géèmù. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ràn géèmù bọ́ọ̀lù. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ ìlagi gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀: èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, àti èyí tó gùn jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá géèmù mọ̀ pé àwọn bọ́tìnnì tó wà léjìká pádì, àwọn ìka yẹn gan-an la fi ń tẹ̀ wọ́n. Tí a bá jọ lọ sí ilé géèmù ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́ níbí, ṣe ló máa ń kọ èjìká pádì sí orúnkún. Tó bá fẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sáré, á ti pádì mọ́ orúnkún náà kí bọ́tìnnì lè wọlé. Ó máa ń nà mí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Àmọ́ tó bá fi máa gbá géèmù mẹ́ta, ọrùn ọwọ́ á ti máa ro ó.

Mo tú pádì kan tó ti kú sórí tábìlì síbí. Ẹ wo irin méjì yìí tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá. Ẹnu mọ́tò ni wọ́n so wọ́n mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju èkejì lọ, nítorí náà tí mọ́tò bá ń yí, gbogbo pádì á máa gbọ̀n. Ọdún 1997 ni Nintendo gbé irú rẹ̀ jáde fún ẹ̀rọ géèmù wọn, Nintendo 64, wọ́n pè é ní Rumble Pak. Lọ́dún yẹn kan náà ni DualShock, pádì PlayStation tó ń gbọ̀n, dé. Nígbà tí PlayStation 5 jáde ní 2020, wọ́n fi mọ́tò àti eyín jíà kéékèèké sẹ́yìn bọ́tìnnì méjì, kí ó lè le mọ́ ẹ lọ́wọ́ tí o bá ń fa ọrun nínú géèmù. Iṣẹ́ gidi ni, mo kí wọn fún un. Ṣùgbọ́n ike pádì fúnra rẹ̀, bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ náà ló wà. Ọwọ́ ẹni ló gbọ́dọ̀ wá bó ṣe máa bá a mu.

Ó yá, ẹ sún mọ́bí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, nitinol lorúkọ rẹ̀. Nickel àti titanium ni wọ́n yọ́ pọ̀, iye átọ́ọ̀mù méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mò ń ká a mọ́ bírò... ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo fa bírò yọ, ó ti rí bíi sípíríńgì. Omi ẹ̀bà tí mo gbé kaná rèé, ó ti hó. Mo ju wáyà sí i... Ẹ rí i! Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti nà gbọọrọ.

Ẹ rántí ìlà àárọ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gbọ́wọ́ lé èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Tí ìlà yẹn bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò jọ̀wọ́ èjìká tó dì mú, kíá ni gbogbo wọn á tọ́ padà tí agogo bá dún. Àmọ́ tí wọ́n bá tú ká, tí oníkálùkù lọ dúró sẹ́yìn ẹlòmíì, ìlà àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn. Tí o bá ká wáyà lásán, átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á tú ká. Tí nitinol bá tutù tí o ká a, átọ́ọ̀mù tiẹ̀ kàn máa ń fì ni. Ooru ni agogo rẹ̀. Ìrísí tó máa rántí sì rèé, inú iná tó gbóná tó nǹkan bíi 500 lórí ìwọ̀n Celsius ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

William Buehler ló ṣe é, nílé ìwádìí ohun ìjà àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ní 1959. Irin tó lè gba ooru ní imú rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun ló ń wá. Ní 1961, wọ́n gbé pẹlẹbẹ rẹ̀ kan tí wọ́n ti ká wọ́jọ lọ sí ìpàdé, àwọn ọ̀gá ń gbà á wò lọ́wọ́ ara wọn. Ni ọ̀kan nínú wọn, David Muzzey, bá tan láítà páìpù rẹ̀ sábẹ́ irin náà, ó sì nà lójú gbogbo wọn. Lónìí, àwọn dókítà ń fi nitinol gbé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí ró, wọ́n sì ń fi í to eyín.

Ẹ padà wo patanmọ́ wa. Ṣé ẹ rí i pé kò tíì là? Wéré ló ká, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó là. Bí nitinol náà ṣe rí nìyẹn. Iná bátìrì lè mú un gbóná lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ó di dandan kó tutù kó tó ṣeé fà padà, ta ló sì fẹ́ dúró de nǹkan kó tutù nínú oòrùn Àkúrẹ́ loṣù Èrèlé? Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bọ́tìnnì tó ń le tó ń rọ̀ bí ìjà ṣe ń lọ, kó wá nǹkan míì. Òróró kan wà tí wọ́n da ìyẹ̀fun irin sí. Tí agbára mágnẹ́ẹ̀tì bá kọjá lára rẹ̀, á ki bí ògì ṣe ń di ẹ̀kọ, tí wọ́n bá sì pa mágnẹ́ẹ̀tì náà, á dà padà sí ògì. Jacob Rabinow ló ṣe é ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1940 sí 1949, wọ́n sì ń lò ó nínú ṣọ́kì ọkọ̀ láti 2002. Òun ló yẹ bọ́tìnnì ìjà, ó yá ju mọ́tò àti eyín lọ.

Ẹ̀yin tó jẹ́ fóònù lẹ fi ń gbá géèmù, tiyín náà wà ńlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Tactus fi gíláàsì hàn ní 2012 tí bọ́tìnnì ń wú jáde lójú rẹ̀: omi ni wọ́n ń tì sábẹ́ awọ tó bo gíláàsì, tí wọ́n bá fà á padà, ojú á tún dán. Ó dùn mí pé kò tíì wọ fóònù ọwọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn mi wà nìyí. Bíbá ọwọ́ mu kò nílò wéréwéré. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni pádì máa ṣe é, nígbà tí o bá kọ́kọ́ gbé e. Wáyà tí a ti fà máa ń sún kì tí ooru bá kàn án, àmọ́ èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 kò lè sún kì ju nǹkan bíi mílímítà 8 lọ, tí a bá sì fẹ́ kó pẹ́, ká gba ìdajì rẹ̀. Ó tó! Mílímítà mẹ́rin lábẹ́ rọ́bà tó rọ̀ lè gbé bọ́tìnnì jáde síbi tí ọwọ́ lè dé. Hùkù kékeré á dì í mú, a ó pa iná, bátìrì á sinmi.

Mo mọ̀ pé Microsoft ṣe pádì fún àwọn tó ní ìpèníjà ara ní 2018, Sony náà ṣe tiwọn ní 2023. Wọ́n dára, ẹni tó bá lágbára rẹ̀ kó rà á. Àmọ́ nílé géèmù Òkè-Àró, pádì kan náà là ń gbà lọ́wọ́ ara wa láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́wàá, géńdé, àbúrò mi. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn ẹnìkan ló yẹ kí pádì yẹn yí padà fún.

Mo ti ra wáyà mítà kan. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti bọ̀dá tó ń tún pádì ṣe lẹ́yìn Ọjà Ọba máa gbé e sábẹ́ rọ́bà ní apá ọ̀tún pádì yìí, kí bọ́tìnnì ìsáré lè bọ́ sábẹ́ ìka tó kẹ́yìn. A ó gbé kámẹ́rà síbẹ̀. Àbúrò mi ní òun lòun máa kọ́kọ́ gbé e.