Khan Inú Star Trek àti Àwọn Tó Gbà Á Lálejò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1967, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ní Amẹ́ríkà gbé ìpín kan jáde nínú eré Star Trek, ìtàn àròsọ nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn kiri àárín ìràwọ̀ ní ọjọ́ iwájú. "Space Seed" ni àkọlé rẹ̀. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ rí Khan Noonien Singh, ọkùnrin tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dìídì ṣètò ìbí rẹ̀ kó lè lágbára, kó sì gbọ́n, ju ènìyàn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ń sọ nípa ìpín yìí, agbára Khan ni wọ́n máa ń sọ. Èmi, àwọn tó gbà á lálejò ni mo fẹ́ ká wò dáadáa.

Ọkọ̀ òfurufú Enterprise, tí Kápítéènì Kirk jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ló pàdé ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ń rìn gbéregbère lójú sánmà. Botany Bay lorúkọ ọkọ̀ ọ̀hún. Ẹni tó bá mọ ìtàn á ti fura, torí Botany Bay ní Australia ni ọkọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò nílé kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ní 1788. Wọ́n wọ inú ọkọ̀ náà, wọ́n bá àwọn ènìyàn tó ti ń sùn láti nǹkan bí igba ọdún. Àwọn 72 ṣì wà láàyè. Khan ló kọ́kọ́ jí.

Wọ́n gbé e lọ síbi ìtọ́jú. Dókítà McCoy yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní agbára ọkàn rẹ̀ tó ìlọ́po méjì tiwa, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì fi ìdajì dára ju tiwa lọ. Nígbà tí Khan dá wà, ó dìde, ó yọ ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ kan lára ògiri, ó padà lọ dùbúlẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó sùn. Bí dókítà ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn báyìí, ó gbá a lọ́rùn mú, ó gbé ọ̀bẹ tì í lọ́fun. McCoy ò janpata. Ó ní kó yáa pinnu, bóyá ó máa fún òun lọ́rùn pa ni o, tàbí ó máa dúńbú òun. Ó tún júwe iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ etí òsì fún un, pé ibẹ̀ ló máa yá jù! Khan ní òun fẹ́ràn akíkanjú, ó sì tú u sílẹ̀. Ricardo Montalbán, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, ló ṣe Khan. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bani.

Ibo ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti wá? Nínú eré náà, wọ́n ní láwọn ọdún 1990, àwọn tí wọ́n ṣa òbí wọn pọ̀ kí wọ́n lè bí ọmọ tó ta yọ dìde, wọ́n gbàjọba lẹ́ẹ̀kan náà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 40. Khan nìkan jọba lórí ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ayé lọ. Ẹ má rò pé àlá lásán ni àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ lá. Láti 1883 ni Francis Galton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fún èrò pé ká máa ṣa ẹni tó yẹ kó bímọ lórúkọ. Ní 1927, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ìjọba lè fi tipátipá ṣe ẹni tí wọ́n bá kà sí aláìpé lọ́pọlọ kó má lè bímọ mọ́. Àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún níbẹ̀ lé ní 60,000. Jámánì abẹ́ Hitler ṣe òfin tirẹ̀ ní 1933, gbogbo ayé ló mọ ibi tó já sí. Ọdún 22 péré lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ni "Space Seed" jáde.

Lónìí, irinṣẹ́ tí wọn ò ní nígbà yẹn ti wà. Ní 2012, Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier fi han ayé bí wọ́n ṣe lè fi irinṣẹ́ tó ń jẹ́ CRISPR gé DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú ara wa, níbi tí wọ́n bá fẹ́. Ní 2018, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Ṣáínà, He Jiankui, kéde pé òun ti yí àbùdá àwọn ìbejì kan padà látinú ọlẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n jù ú sí. Ṣé Khan ti fẹ́ dé nìyẹn? Rárá o. Ẹ wo àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde, tí àwa ń pè ní SS, tó ń bá àwọn ọmọ wa fínra ní Nàìjíríà ju ibikíbi lọ láyé. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yí padà nínú DNA ló ń fa gbogbo ìrora yẹn. Ìtọ́jú Casgevy, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí níparí 2023, ń lo CRISPR kí ara aláìsàn lè tún máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò. Ó dùn mí dọ́kàn pé owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Àmọ́ tó bá kan gíga ènìyàn lásán, ibi tó lé ní 12,000 nínú DNA ni àwọn onímọ̀ ti rí tó lọ́wọ́ sí i. Ta ló wá fẹ́ ka ti ọgbọ́n àti ìgboyà tán?

Ohun tí eré yẹn rí kedere wà nínú yàrá ìpàdé. Wọ́n ti mọ ẹni tí àlejò wọn jẹ́. Scott, ọ̀gá àwọn ẹlẹ́rọ, jẹ́wọ́ pé ó pẹ́ tí òun ti ń gba ti ọkùnrin yìí. Kirk ní Khan ló dára jù nínú àwọn apàṣẹwàá, Khan náà ló sì léwu jù. Ó ya Spock, igbákejì Kirk, lẹ́nu. Scott ní kò sí ìpakúpa lábẹ́ ìjọba rẹ̀. Spock ní kò sí òmìnira náà. McCoy ní kò bá ẹnikẹ́ni jagun àfìgbà tí wọ́n kọ lù ú. Ọmọlúàbí ènìyàn ni gbogbo wọn o, síbẹ̀ wọ́n ń wá àwáwí fún un.

Agbára òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Kirk onílé gbà. Khan ní òun fẹ́ ka ìwé tó ṣàlàyé bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ kó kà á. Marla McGivers, òpìtàn ọkọ̀, yó ìfẹ́ rẹ̀ débi pé ó bá a jí àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n gba ibi ẹ̀rọ, wọ́n sì ti afẹ́fẹ́ pa mọ́ Kirk àtàwọn tó ń tukọ̀. Nígbà tí wọ́n ti Kirk mọ́bi tí afẹ́fẹ́ ti ń tán, McGivers yìí kan náà ló yí ọkàn padà tó gbà á sílẹ̀. Irin tí Kirk fà yọ lára ẹ̀rọ ló fi lu Khan bolẹ̀.

Ìdájọ́ tó tẹ̀ lé e ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn dòní. Kirk wọ́gi lé gbogbo ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn Khan, ó ní kí Khan àtàwọn ènìyàn rẹ̀ lọ tẹ̀dó sí Ceti Alpha V, ayé kan tó le koko. McGivers tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là ni Kirk wá sọ fún pé kó yan ọ̀kan: kó lọ jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ológun, tàbí kó tẹ̀ lé Khan. Ó tẹ̀ lé e. Ní 1982, wọ́n gbé fíìmù The Wrath of Khan jáde lórí ohun tí ìdájọ́ yẹn bí: ìyàwó Khan ti kú, ayé tí wọ́n fún un ti di aṣálẹ̀, ó sì ń bínú pé Kirk kò padà wá wo àwọn lẹ́ẹ̀kan rí.