Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn-àjò Lọ Wo Màlúù Lóko: Láti Àkúrẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin olùwòran mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Oko tí mo dúró sí yìí wà lójú ọ̀nà tó lọ láti Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, aago méje àárọ̀ ò sì tíì lù. Ẹ tẹ́tí díẹ̀. Ohùn tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, màlúù ló ń jẹ àpọ̀jẹ. Àwọn tí mo ń kó wá síbí kì í wá ra ẹran. Irú màlúù ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n fẹ́ wo iké, wọ́n fẹ́ wo ìwo, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó mú kí ti Sókótó yàtọ̀ sí ti Bọ̀gú. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ṣètò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú màlúù tó wà nítòsí yín, kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa ni Bùnájì, màlúù funfun àwọn Fúlàní. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sún mọ́ eléyìí. Ara rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ẹ wo etí, ẹ wo imú, ẹ wo pátákò: dúdú ni gbogbo wọn. Ìwo rẹ̀ gùn, ó kọ́kọ́ yà sí ẹ̀gbẹ́, ó wá ká lọ sókè. Raháji ní tirẹ̀ pupa bí osùn, ìwo rẹ̀ gùn, ó sì nípọn. Bokolójì, tí wọ́n tún ń pè ní Gúdálì Sókótó, ìwo kúkúrú ló ní, awọ abẹ́ ọrùn rẹ̀ sì máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ẹni tó bá rí awọ ọrùn yẹn lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀ mọ́.

Èyí tó wu èmi jù ni àwọn tí kò ní iké. Mùtúrù kéré, ó ki, èjìká rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, dúdú sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tàbí dúdú tó ní funfun lára. N'Dama wá láti òkè Futa Jallon ní orílẹ̀-èdè Gínì, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn odò. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ tiwa, eṣinṣin tsetse sì ń gbé àìsàn kiri nínú igbó. Àìsàn yẹn a máa rọ Bùnájì lágbára, a sì máa pa á, ṣùgbọ́n Mùtúrù àti N'Dama lè gbé e mọ́ra kí wọ́n sì máa jẹko wọn lọ. Kẹ́tẹ́kú ilẹ̀ Bọ̀gú ló wà láàárín: èyí tó níké àti èyí tí kò níké ni wọ́n jọ bí i. Bí ẹ bá rí oko kan tó ní Mùtúrù, ẹ kọ́ ìrìn-àjò yín yí i ká, nítorí ó ti ń ṣọ̀wọ́n. Ti Kúrì, tí ìwo rẹ̀ wú bí akèrègbè, adágún odò Chad ni ilé tirẹ̀. Ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ó fi í hàn án ní Àkúrẹ́.

Ó kan ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ. Oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹrẹ̀ ti gbẹ, màlúù ti jẹ koríko tútù fún oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ ń dán. Bó bá di oṣù kejì, tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú, egungun ìhà á ti yọ, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí Raháji nígbà yẹn kò tíì rí i.

Inú ọgbà ni kẹ́ ẹ lọ. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 tí Gómìnà Akérédolú ti buwọ́ lu òfin tó ka fífi ẹran jẹko ní gbangba léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí ìdí tí ẹ ó fi máa wá màlúù kiri ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ wá oko tó lọ́gbà. Bó bá jẹ́ oko ilé-ẹ̀kọ́, irú bíi ti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ẹ kọ lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tó wà nílẹ̀ lásìkò yẹn. Bó bá jẹ́ ti aládàáni, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ kí i. Ẹ sọ iye èèyàn tí ẹ ń kó bọ̀. Èmi kì í kó ju méjìlá lọ. Ẹ sọ iye tí ẹ máa san, kẹ́ ẹ sì ya ti darandaran sọ́tọ̀, nítorí òun ló mọ màlúù kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe mọ ọmọ rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn èrò yín kí wọ́n má bi olóko pé, "Màlúù mélòó lẹ ní?" A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kó èèyàn jáde, ọjà ẹran ni mo kọ́kọ́ mú wọn lọ láàárọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè rí oríṣiríṣi lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, a dé ẹnu ọ̀nà oko kan. Baba olóko kí wa dáadáa, lẹ́yìn náà ló wo bàtà wa. Ó ní, "Ọmọ mi, níbo lẹ ti ń bọ̀?" Mo sọ fún un. Ó ní ká máa lọ, òun ò lè ṣí géètì. Èèyàn mẹ́sàn-án tó ti sanwó ló wà lẹ́yìn mi. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n baba ò jẹ̀bi. Àrùn ẹnu àti pátákò, àpẹẹrẹ kan, a máa bá bàtà rìn, a máa bá aṣọ rìn, a máa bá táyà ọkọ̀ rìn. Màlúù tó ti kó o sì lè lo nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rìnlá kí ara rẹ̀ tó fi hàn. Ọjà ni ẹran gbogbo ìlú ti ń pàdé. Nítorí náà, oko tó mọ́ jù lẹ ó kọ́kọ́ lọ, ọjà ló máa kẹ́yìn. Oko méjì lóòjọ́ ti pọ̀ jù lójú mi; ẹ lọ sí ẹyọ kan, kẹ́ ẹ pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo ọpọ́n méjì tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí. Omi, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Oògùn apakòkòrò ló wà nínú èkejì, mo pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ki ẹsẹ̀ bọ èkejì tààrà. Kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ìdọ̀tí máa ń pa agbára oògùn. Ẹ yí bàtà òjò yín padà, báyìí. Ẹ fi igi tínínrín tọ inú àwọn ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ rí i? Ìgbẹ́ tó gbẹ ló ń jáde yẹn, bẹ́ẹ̀ mo rò pé mo fọ̀ ọ́ lánàá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí yóò fi mọ́, ẹ wá kì í bọ inú oògùn, kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀ díẹ̀.

A ti wọlé. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú màlúù wà, ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀, àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ẹ má gba ẹ̀yìn yọ sí i. Ẹ gba apá èjìká wá, kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa aṣọ pupa. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Agbòòrùn tí wọ́n ṣí lójijì ló ń dẹ́rù bà á. Abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ jìnnà sí i pátápátá, bó ti wù kí darandaran sọ pé ó tutù tó.

Kí ẹnikẹ́ni tó yọ fóònù, mo máa ń fún wọn ní bébà àti pẹ́ńsù. Màlúù kan ṣoṣo, ogún ìṣẹ́jú: ẹ ya ìwo rẹ̀, ẹ ya ibi tí iké ti bẹ̀rẹ̀. Lórí ọrùn ni, àbí lórí èjìká? Ọwọ́ tó ti yà á ni ojú ń gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ya fọ́tò tó wù wọ́n.

Ti oúnjẹ kò le. Wàrà tí wọ́n fi ewé bọmubọ́mú sè ni mo ń rà fún wọn. Wàrà tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, tí kò tíì hó lórí iná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò, torí àìsàn wà tó ń ti inú rẹ̀ ran èèyàn.

Ó dáa. Aago mẹ́wàá ti kọjá, oòrùn ti ń mú, àwọn màlúù ti ń wọ abẹ́ igi. A ó tún bàtà fọ̀ níbi géètì, a ó bọ́ ọ sínú ọ̀rá, a ó so ẹnu ọ̀rá pa. Ọjà ẹran ló kù báyìí. Ẹ bá mi ka àwọn èrò, kí dírẹ́bà máa lọ.