Kí Ló Ń Ti Òǹkọ̀wé Ìtàn Nídìí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ bi mí léèrè ohun tí mò ń wá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn. Ìtàn tí wọn ò parí fún mi ni. Ìyá ìyá mi ń pàlọ́ fún wa lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá; ọwọ́ ò dúró, ẹnu náà ò dúró. Ìjàpá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé àna rẹ̀ wàyí, ni àtùpà bá kú. Kẹrosíìnì ti tán. Màmá ní ká lọ sùn. Oorun wo? Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo pa àlọ́ náà fún àwọn ọmọ kíláàsì wa, mo fi ìparí tèmi sí i. Ọmọ kan gbé gúgúrú dé ẹnu, kò jù ú sẹ́nu, kò sì dá a padà sápò. Ẹnu tó là sílẹ̀ yẹn ni mo ṣì ń kọ̀wé fún.

Ẹ wo Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí lọ́dún 1920. Owó ò jẹ́ kó kàwé jìnnà. Lẹ́yìn ogun Hitler, ó ríṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ékòó. Ìránṣẹ́ á jókòó, á máa retí kí ọ̀gá pe òun. Bí wọn ò bá pè é, ilẹ̀ ò ní tètè ṣú. Ibẹ̀ ni Tutuola ti ń fa bébà yọ, tó ń kọ ìtàn lọ́nà tó fi gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Ìtàn ọ̀mu ẹmu tó kọ, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé bínú sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ó dùn mí títí dòní. Kò tìtorí ẹ̀ ju kálámù sílẹ̀. Àbí òun nìkan ni ìránṣẹ́ tó jókòó lásán l'Ékòó? Ìtàn tó ti wà nínú rẹ̀ láti kékeré ló ń ta á nídìí.

Ti Isaac Thomas yàtọ̀. Òun ló ń ṣe ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ẹni tó bá sì ń tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ tà á. Láàárín 1929 sí 1930, ó ń gbé lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde, arẹwà tó ṣe fàájì nígbà èwe, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́! Àwọn òǹkàwé kan gbà pé èèyàn gidi ni. Èmi ò rí ẹ̀bi nínú pé títà wà níbẹ̀. Ṣé aláàmàlà tó ń gbowó kì í ro àmàlà tó dáa ni?

Kí a tó wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún mi pé òun ń retí ìdí gidi kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ta lo fẹ́ kó gbọ́ ọ?" Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Ìyá mi, sà." Mo yọ bébà méjì tó ṣẹ́kù nínú fáìlì mi, mo fún un.