Adégòkè Adélabú: Láti Màpó dé Ipò Mínísítà

Gbọ̀ngàn Màpó tí ẹ ń wò lórí òkè yìí, ibi tí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn ti ń jókòó nígbà náà, ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò lè mọ ìdí tí Adégòkè Adélabú fi di mínísítà, tí kò sì fi pẹ́ níbẹ̀.

Òkè Olúòkun ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1915. Ó kàwé ní Government College Ìbàdàn, ó dé Higher College ní Yábàá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oníṣòwò UAC. Nínú ìdìbò ọdún 1951, ọmọ ẹgbẹ́ Ibadan People's Party mẹ́fà ni ó wọlé sí Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Márùn-ún nínú wọn bá Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, lọ. Adélabú nìkan ni ó kọ̀, tí ó sì dúró ti NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú Azikiwe.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níbí, nítorí pé ẹni tí ó bá dá dúró báyìí, àfi kí ó ní ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Àwọn àgbẹ̀ kòkó inú Ẹgbẹ́ Máyégún, tí inú ń bí nítorí igi kòkó wọn tí ìjọba ń gé, àti àwọn tí owó orí ń ni lára, ni ó kó jọ sábẹ́ Mábọlájẹ́, ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ń bá wọn sọ èdè Ìbàdàn tí ó yé wọn, wọ́n sì fi ìbò dá a lóhùn: ní ọdún 1954 ó di alága ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn, nígbà tí ó sì di 1955, ó ti di mínísítà ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ohun àlùmọ́ọ́nì àti ìtọ́jú ará ìlú.

Bí ó ti di mínísítà náà, kò fi ipò alága ní Màpó sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn alátakò rẹ̀ ti rí i mú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó wà lọ́wọ́ Action Group, gbé ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ E. W. J. Nicholson, àbájáde rẹ̀ sì dá ìgbìmọ̀ náà àti alága rẹ̀ lẹ́bi, ni Adélabú bá fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní 1956. Èmi gbà pé ẹ̀bi wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo sì gbà pé àwọn tí ó pe ìwádìí náà mọ ẹni tí wọ́n ń wá.

Ní ọdún 1956 kan náà ni Ìbàdàn tún dìbò fún un, tí ó sì di olórí alátakò nílé aṣòfin. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le débi pé “peculiar mess” tí ó sọ ni ará ìlú yí padà sí pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, tí a ṣì ń pè títí di òní.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958, ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ bí ó ti ń bọ̀ láti Èkó. Ọmọ ọdún 42 ni. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò gbà pé ìjàǹbá lásán ni. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀mí sì ṣòfò.