Iṣẹ́ Ló Gbé Bàbá Mi Àgbà Dé Oǹdó

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin èèyàn Àkúrẹ́, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ẹ ní kí ọmọ Yorùbá wá orírun rẹ̀, oríkì ló máa kọ́kọ́ ki. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì orílẹ̀ wa kò dárúkọ ẹni tó ru àpò kòkó, kò sì sọ ọdún tí ẹnikẹ́ni ṣí kúrò nílé. Àwọn jagunjagun àti ọlọ́lá ló kún ibẹ̀. Àgbàṣe ni bàbá mi àgbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè iṣẹ́ kí n tó béèrè ìdílé.

Nígbà tí a sin ìyá mi àgbà, a rí agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ìwé owó orí bàbá ló kún inú rẹ̀, kòkòrò ti jẹ etí wọn. Mo tò wọ́n sórí ẹní bí ọdún ṣe tẹ̀ léra. Ìkọ̀lé ni wọ́n ti já ti 1951. Oǹdó ni wọ́n ti já ti 1952. Àárín ìwé méjèèjì yẹn ni ìrìn náà wà. Akọ̀wé Oǹdó kò tilẹ̀ bá wa kọ orúkọ baba wọn; "Ekiti" ló kọ síbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ṣìnà o. Adó-Èkìtì ni mo sáré lọ wá ìwé ìjọba, torí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni Ìkọ̀lé wà lónìí. Mo gbàgbé pé 1996 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976. Láyé àwọn òyìnbó, Èkìtì wà lábẹ́ Ondo Province, Àkúrẹ́ níbí sì ni olú ìlú rẹ̀. Ibi ìkówèé-pamọ́ ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ni ìwé rẹ̀ wà. Ìjọba ìgbà náà lẹ máa tẹ̀ lé, kì í ṣe ti òní.

Bí àgbà ò bá mọ ọdún, ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá kan ní ìgbà tí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún ni àwọn dé kámpù, abúlé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko kòkó. 1972 nìyẹn.

Ti ìyá mi àgbà ló le jù. Orúkọ wọn ò sí nínú ìwé kankan. Àmọ́ ẹ wo orúkọ àwọn ọmọ wọn. Abídèmí: wọ́n bí i nígbà tí bàbá wà lóko kòkó l'Óǹdó. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Abíọ́nà. Mo bi àǹtí mi yìí léèrè ibi tí ọ̀nà ọ̀hún wà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí a tó sọdá odò Ọ̀wẹnà ni. Lọ́rí tó kó iṣu ni ìyá mi wọ̀. Dẹ́rẹ́bà ní òun ò lè dúró pẹ́."