Plug-in QGIS tí kò ní dá sọ́fíyọ̀ lágara

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Ẹ ti bi mí títí pé kí ló dé tí plug-in mi, àfikún kékeré tí mo kọ fún QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, fi rọ àwọn sọ́fíyọ̀ Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ẹ máa wojú kọ̀ǹpútà mi.

Ti Plugin Builder, irinṣẹ́ tó ń bá wa to egungun plug-in, ẹ ti mọ̀ ọ́n, n ò ní dúró níbẹ̀. Ẹ wá initGui, ibi tí plug-in ti ń gbé bọ́tìnì rẹ̀ síta, nínú fáìlì Python yín. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé sórí toolbar. Ẹ kó ìyókù sínú mẹ́nù Plugins. Àlejò ni plug-in, àlejò kì í sì í gba gbogbo àga pálọ̀. Bí ẹ bá ti kọ initGui tán, ẹ kọ unload, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá pa plug-in, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ yọ bọ́tìnì yẹn níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá pa plug-in yín á ṣì máa rí àmì rẹ̀ lókè.

Ó kan wíńdò. Ẹ má ní kí èèyàn máa fọwọ́ tẹ orúkọ layer, ìpele máàpù. QgsMapLayerComboBox wà ńlẹ̀, á to orúkọ wọn kí wọ́n yàn. Ti projection, ìlànà tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ ayé sórí máàpù, QgsProjectionSelectionWidget ni kí ẹ lò, ẹ sì jẹ́ kí EPSG:26331, nọ́ńbà Minna UTM zone 31N, ti wà níbẹ̀, torí òun làwọn sọ́fíyọ̀ wa mọ̀. Bọ́tìnì ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ má kọ OK sí i. Ẹ wo tèmi: “Kó igun ilẹ̀ wọlé.” Ó ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú: QMessageBox! Oníbàárà dúró sí sọ́fíyọ̀ lórí, ó ń retí plan ilẹ̀ rẹ̀, wíńdò kan wá fò jáde pé iṣẹ́ ti parí, àfi kí ó tẹ OK kó tó lè fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Kí la fẹ́ fìyẹn ṣe? Ẹ pe messageBar, pátákó ìfìsọfúnni tó wà lókè máàpù, lára iface tí QGIS fi lé plug-in yín lọ́wọ́, kí ẹ lo pushMessage: level rẹ̀ Qgis.Success, duration rẹ̀ 5, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ẹ wò ó lókè máàpù... ó ti lọ. Ṣé ẹ rí i bó ṣe mọ́? Bó bá jẹ́ àṣìṣe, ẹ lo Qgis.Critical, kí duration jẹ́ 0, kó dúró títí wọ́n á fi pa á. Ẹ sọ ibi tó ti bàjẹ́ gan-an: “Ìlà 14 nínú CSV kò ní Northing.” Northing ni nọ́ńbà tó ń sọ bí igun ilẹ̀ ṣe jìn sí àríwá tó.

Ẹni tó kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò tó kọjá pé lẹ́tà òun kì í hàn nínú Night Mapping, àwọ̀ dúdú QGIS, ẹ yọ àwọ̀ tí ẹ kọ sínú setStyleSheet yẹn kúrò. Ẹ jẹ́ kí QGIS fúnra rẹ̀ yan àwọ̀.

Bátìrì kámẹ́rà ń lọ, ẹ jẹ́ n sáré. Nínú Qt Designer tí ẹ fi ń ya wíńdò, ẹ lo Lay Out in a Grid, torí lórí láptọ́ọ̀pù 1366×768, bọ́tìnì yín lè wọ ìsàlẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó bá máa pẹ́, ẹ gbé e sínú QgsTask kó máa ṣe é lẹ́yìn. Ẹ lo setProgress kí wọ́n máa rí bó ṣe ń lọ, kí ẹ sì máa wo isCanceled kí wọ́n lè dá a dúró. Ẹ gbọ́ o, ẹ má pe messageBar nínú run, ibi tí iṣẹ́ náà ti ń lọ, QGIS lè kú mọ́ yín lọ́wọ́. Inú finished, tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí run bá parí, ni kí ẹ ti pè é. Kóòdù náà wà nísàlẹ̀.