Mọ́nítọ̀ Kò Gba Update? Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀ Ná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí. Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yìí. Èyí ni HDMI, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èyí ni DisplayPort. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ńkọ́, ihò kékeré onígun mẹ́rin tí eruku ti kún yìí? Ọdún kan gbáko ni mo fi lo mọ́nítọ̀ yìí, n kò ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ rí. Ihò yẹn ló fi ọjọ́ mẹ́ta fi ojú mi rí màbo.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Under G níbí, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, nítòsí LAUTECH. Iṣẹ́ àwòrán àti ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, project àwọn ọmọ yunifásítì. Tòkunbọ̀ ni mo ra mọ́nítọ̀ náà. Àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete, ṣùgbọ́n ó ní àrùn kan: bí láptọ́ọ̀pù bá ti sùn tí mo sì jí i, mọ́nítọ̀ ò ní jí. Àfi kí n yọ wáyà iná rẹ̀ kí n tún un kì bọ̀ ọ́. Mo pààrọ̀ wáyà HDMI, pàbó ló já sí. Nígbà tí mo wá dé ojú ìwé àwọn tó ṣe é, mo rí i pé wọ́n ti gbé firmware tuntun jáde, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àrùn yẹn gan-an ló ń wò.

Firmware wo? Ẹ jọ̀ọ́, mọ́nítọ̀ kì í ṣe gíláàsì lásán. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba àwòrán wọlé, tó ń tẹ́ ẹ sójú, òun náà ló ń ṣí mẹ́nù nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Ìlànà tí kọ̀ǹpútà kékeré yẹn ń tẹ̀ lé ni firmware. Studio Display, mọ́nítọ̀ Apple tó jáde ní 2022, chip A13 ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú fóònù iPhone 11, iOS, ètò tí iPhone ń lò, ló sì ń lò. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, update rẹ̀ kọ̀ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á, torí pé ẹ̀dà iOS 15.4 tó ń béèrè, Apple fúnra rẹ̀ ti dẹ́kun fífọwọ́ sí i. Wọ́n yanjú rẹ̀ láìpẹ́. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má baà ní torí pé tòkunbọ̀ ni tèmi ni.

Ó dáa. Mo gba fáìlì náà sílẹ̀, mo ṣí ètò tó máa gbé e wọ mọ́nítọ̀. Ètò náà ní òun ò rí mọ́nítọ̀ kankan. Ojú mọ́nítọ̀ yẹn náà ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ ọ̀hún o! Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ẹ̀rín tán. Mo pa láptọ́ọ̀pù, mo tàn án. Mo yọ ètò náà dànù, mo tún un gbà, dátà ń lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ iṣẹ́ mi ń nu eruku ẹ̀yìn tábìlì, ó dúró, ó ní, "Ọ̀gá, ihò yìí mà jọ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé." Mo wò ó. Mo yọ wáyà USB lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo ki orí rẹ̀ tó rí gìdìgbà bọ ihò náà, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fi ẹnu kejì sí láptọ́ọ̀pù. Láptọ́ọ̀pù dún, orúkọ mọ́nítọ̀ yọ lójú ètò. Ọmọ náà gba súyà lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwòrán ni HDMI ń gbé. Ọ̀nà tóóró kan wà nínú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, DDC/CI ni wọ́n ń pè é, àwọn mọ́nítọ̀ kan sì wà tó jẹ́ ibẹ̀ ni firmware wọn ń gbà wọlé. Bí tiyín bá jẹ́ irú rẹ̀, ẹ wọ mẹ́nù mọ́nítọ̀ kí ẹ rí i pé DDC/CI wà ní títàn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé USB ni wọ́n ń fẹ́, ihò onígun mẹ́rin yẹn sì ni ẹnu ọ̀nà. Àwọn ihò USB pẹlẹbẹ tó kù lára mọ́nítọ̀, ti asin (mouse) àti fláàṣì ni. Tí ẹ bá ki wáyà bọ̀ wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú, kọ̀ǹpútà ò ní gbọ́. Tààrà ni kí ẹ so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ má gba inú hub, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀. Bí ẹ bá ní mọ́nítọ̀ méjì, ẹ yọ èkejì.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ kọ̀ǹpútà, fláàṣì ni wọ́n ń gbà. FAT32 ni kí ẹ fọ́mátì rẹ̀ sí. Ẹ tú fáìlì náà kúrò nínú zip, kí ó wà ní ìta gbangba lórí fláàṣì, kó má wà nínú fódà. Ẹ sì wo orúkọ rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ti gba fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ǹpútà á fi 1 sínú àkámọ́ sí ìdí orúkọ rẹ̀. Mọ́nítọ̀ tó ń wá orúkọ gan-an kò ní dá a mọ̀, yóò sì ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ẹ má tíì tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná kù.

Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, mọ́nítọ̀ kò ní. Bí update bá bẹ̀rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ nù kúrò, kó tó kọ tuntun sípò rẹ̀. Bí ẹni tú páànù orí ilé sílẹ̀ ni, tí òjò wá ṣú kí káfíńtà tó kan tuntun. Bí iná bá lọ ní àárín méjì yẹn, nígbà tó bá padà dé, mọ́nítọ̀ lè má ní ohun tó máa fi jí. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí. Ínfátà ni mo gbé tèmi sí. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ ní, ẹ wo epo inú rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pàṣẹ fún láptọ́ọ̀pù náà kó má sùn.

Nígbà tó dé nǹkan bí 60 nínú 100, ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn. Iná kékeré abẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ọmọ iṣẹ́ mi na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Àìmọye mọ́nítọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu update, kò tíì kú. Ojú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ó tún tàn, ó sì parí.

Bó bá wá kú lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ yọ gbogbo wáyà, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tó tún gbìyànjú. Bí kò bá gbọ́, ẹ gbé e tọ àwọn tó ń tún TV pẹlẹbẹ ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan ní Sábó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí: ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ CH341A, wọ́n á fi di ẹsẹ̀ mẹ́jọ chip ìrántí mú, wọ́n á sì tún firmware kọ sínú rẹ̀. Ó ní èyí tó máa ń wá sọ́dọ̀ òun jù ni ti àwọn tó gbé firmware mọ́nítọ̀ ẹlòmíràn wọ tiwọn. Orúkọ iwájú lè bára mu kí ohun inú yàtọ̀. Orúkọ kíkún tó wà lára sítíkà ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ fi wá fáìlì, títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo wọ mẹ́nù, nọ́ńbà firmware ti yí padà. Mo jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù sùn, mo jí i, mọ́nítọ̀ náà jí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo fẹ́ ṣe ìkarùn-ún ni oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn, project rẹ̀ ni kí n bá òun tẹ̀, wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ síbẹ̀.